Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Máa Tẹ Àtẹ́lẹsẹ̀ Màmá Mi Nílé

Ìbínú ni ó sún mi dé ìdí iṣẹ́ títẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní reflexology. Gìgísẹ̀ ń dun màmá mi, pàápàá ní òwúrọ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi òró dúró ta aṣọ ní ọjà Gbági. Ni a bá mú wọn lọ sí ilé ìfọwọ́ra kan ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń gba ₦15,000 lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin tí ó dá wọn lóhùn fi àtàǹpàkò tẹ àárín àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, màmá figbe ta, ó sì sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ pé kíndìnrín wọn ti ń bàjẹ́. Ó ta àgbo fún wọn, ó ní kí wọ́n máa padà wá.

Màmá mi kò fojú ba oorun lóru ọjọ́ náà. Owó tí a san fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn ju owó ìfọwọ́ra lọ, èsì sì fi hàn pé kò sí ohun tí ó ṣe kíndìnrín wọn. Dókítà ní iṣan tí ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ lọ sí ìdí àwọn ìka ni ó ń dùn wọ́n. Títí di òní, ọ̀rọ̀ náà ń ká mi lára.

Síbẹ̀, màmá sọ pé títẹ̀ náà fúnra rẹ̀ tu àwọn lára, mo sì pinnu pé èmi ni n óò máa ṣe é fún wọn.

Fífọ ẹsẹ̀ àti nínù ún gbẹ kò gba àlàyé. Òrí díẹ̀ ni kí ẹ fi pa á, nítorí bí ó bá pọ̀, ọwọ́ yóò máa yọ̀.

Ohun tí ó dá mi dúró ni àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ yìí fi ń sọ ibi tí ó dúró fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lóǹkà. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn ìka ẹsẹ̀ dúró fún orí, pé ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ dúró fún eegun ẹ̀yìn, àti pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ibi tí ó dúró fún ẹ̀dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dé orí àwọn ẹ̀yà kéékèèké, ibi tí ó wu oníkálukú ni ó fi tirẹ̀ sí. Mo tẹ àwọn kan jáde, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo ń fi ọ̀kan wé èkejì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sí èyí tí ó bá ìkejì rẹ̀ mu délẹ̀.

Nígbà tí ó sú mi, mo wá ìdí wọn lọ. William Fitzgerald, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní Amẹ́ríkà, ni ó pín ara sí ọ̀nà 10 láti orí dé ẹsẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1917. Eunice Ingham ni ó wá fi àwọn ẹ̀yà ara sí ààyè wọn lórí àtẹ́lẹsẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Kò sí iṣan kan tí ó ti àárín àtẹ́lẹsẹ̀ lọ tààrà sí kíndìnrín, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà pàápàá sì kà á léèwọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn láti máa sọ àìsàn tí ó ń ṣe ènìyàn. Kí ni ẹni yẹn wá rí tí ó fi dáyà já ìyá mi?

Mo kó gbogbo àwòrán náà tì, mo sì ń bi màmá léèrè ibi tí ó ń dùn wọ́n. Àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, mo ń ká àtàǹpàkò náà, mo ń nà án bí ekòló ti ń rìn, láti gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ìka, láìgbé ọwọ́ kúrò. Bí wọ́n bá fajú ro, mo máa ń dẹ ọwọ́. Ìṣẹ́jú 10 tó fún ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fọwọ́ ti ògiri, wọ́n á na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀, bí dókítà ti kọ́ wọn. Mo fi yangàn pé wọ́n ti ń dìde lówùúrọ̀ láìdi ìbùsùn mú.

Bí ẹni tí ẹ fẹ́ tẹ̀ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ kọ́kọ́ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá egbò wà níbẹ̀, torí ó lè má mọ ìrora mọ́. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá sì wú lójijì, tí ó gbóná, tí ó ń dunni, ẹ má ṣe fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé onítọ̀hún lọ lọ́jọ́ náà gan-an.