Bí a ṣe ń ka fọ́tò òkè àti ojú ọ̀run

Ẹ mú fọ́tò àwọn àpáta Ògìdì ní Ìjùmú, èyí tí òjò ṣú lé lórí, ẹ fi han ará ìlú ńlá: á ní ó bà á lọ́kàn jẹ́. Ẹ fi han àgbẹ̀ tó ti gbin iṣu, tó ń retí òjò ní ìparí oṣù kẹta: ẹ̀rín ni. Dúdú kan náà ni wọ́n jọ wò. Nítorí náà, ẹ má sáré sọ pé fọ́tò tó ṣókùnkùn, fọ́tò ìbànújẹ́ ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ wá ibi tí oòrùn wà. Òdìkejì ibi tí òjìji nà sí ni. Bí òjìji bá gùn, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ya fọ́tò náà. Ní Kábà àti Ìsánlú, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà gan-an lókè orí wa ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, òjìji á sì kó sábẹ́ ẹsẹ̀. Fọ́tò wákàtí bẹ́ẹ̀ máa ń le koko lójú.

Lẹ́yìn náà, ẹ rọra dijú díẹ̀ wò ó, tàbí kí ẹ fi fóònù sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Ibi tí dúdú jù lọ ti pàdé ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ. Ṣé etí àpáta ni? Ṣé orí igi kan ṣoṣo ni?

Ẹ wá wo ọ̀nà jíjìn. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká: òkè iwájú á dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e á rí bí eérú, èyí tó jìnnà jù á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú ọ̀run dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa irú fọ́tò yìí rẹ́ pé kò mọ́. Lójú tèmi, òun ló dára jù, nítorí ìdákẹ́jẹ́ àti jíjìnnà wà nínú rẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. (Ẹ kàn rí i dájú pé ọyẹ́ ni, kì í ṣe epo ọwọ́ lójú kámẹ́rà.)

Ìbéèrè tó le ni èyí: ta ló ṣe ìyàtọ̀ dúdú àti funfun náà, ojú ọjọ́ ni àbí ayàwòrán? Ní 1927, Ansel Adams, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fi kámẹ́rà ya àpáta Half Dome ní Kalifọ́níà. Ó fi gíláàsì pupa sójú kámẹ́rà, ojú ọ̀run tó jẹ́ búlúù sì jáde ní dúdú kirikiri. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n àpáta náà wá ń dẹ́rù bani. Fóònù òde òní sábà máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: ó máa ń pa fọ́tò mélòó kan pọ̀ di ọ̀kan, ó sì máa ń mú ibi tó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀, ni òjò tó ṣú gidi bá rọ̀ lójú. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn igi, tí èèpo igi náà sì ṣì hàn kedere, ẹ fura sí fóònù.

Níkẹyìn, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí rẹ̀: “Mo rí ìrètí níbẹ̀, torí ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ínrín kan ṣẹ́kù lábẹ́ ìkùukùu.” Bí ẹ kò bá rí ibi tí ẹ lè nàka sí, inú yín ni ohun náà ti wá, kì í ṣe inú fọ́tò. Kò burú, ẹ kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.