‘Intend’ Kì Í Ṣe Gbogbo ‘Fẹ́’: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Gẹ̀ẹ́sì Wa

Nínú àwọn lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti lẹ́tà ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn ọmọ wa ní Ìlọrin máa ń gbé wá pé kí n bá wọn yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí kì í pẹ́ yọjú, ìyẹn “intend”. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí lẹ́tà òun dún bíi ti ọ̀mọ̀wé a yọ “want” kúrò, a sì fi “intend” dí àyè rẹ̀ níbi gbogbo, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì, tí èkejì kàn wọ agbádá. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó fà á kò jìnnà. Iṣẹ́ tí “fẹ́” ń ṣe lẹ́nu àwa Yorùbá pọ̀ jọjọ. A ń sọ pé “mo fẹ́ omi”, a ń sọ pé “ó fẹ́ ọmọ Ọ̀fà”, a ń sọ pé “mo fẹ́ lọ sí Òmù-Àrán lọ́la”, a sì ń sọ pé “òjò fẹ́ rọ̀”. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni “intend” bá mu, ìyẹn ìrìn-àjò Òmù-Àrán, nítorí pé níbẹ̀ nìkan ni a ti rí ẹni tí ó gbèrò ohun kan sọ́kàn tí kò sì tíì ṣe é. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò gbèrò kankan, omi ni ó ń wá. “I want water” ni kí ó wí. Ẹni tí ó fẹ́ ọmọ Ọ̀fà ti gbé e níyàwó ná, “he married” sì ni tirẹ̀. Ní ti òjò, kò ní ọkàn tí yóò fi gbèrò, nítorí náà ẹni tí ó bá kọ “The rain intends to fall” ti fún ìkùukùu ní làákàyè. “It is about to rain” ni Gẹ̀ẹ́sì tí ó yè kooro. Bákan náà ni ògiri tí ó fẹ́ wó, àti mọ́tò tí epo rẹ̀ fẹ́ tán lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo: “about to” ni kí a lò fún wọn. Mo ti rí i nínú ìwé ọmọ kan rí pé ewúrẹ́ bàbá òun “intended to die”, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi kí n tó mú bírò pupa.

Ẹni tí ó ti ilé-kéwú kọjá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìlú yìí, ti mọ ohun tí ó sún mọ́ “intend” kí ó tó mọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó mọ àníyàn, tí a ń dá sọ́kàn kí a tó kírun tàbí kí a tó gba ààwẹ̀, ó sì mọ̀ pé inú ọkàn ni ibùjókòó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àníyàn máa ń bá iṣẹ́ rìn títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, nígbà tí ó jẹ́ pé iwájú ni “intend” ń wò, sí ohun tí kò tíì wáyé. Bí a bá ti ṣe nǹkan, tí a fẹ́ sọ pé ńṣe ni a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, “intentionally” tàbí “on purpose” ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ àwo, “He broke the plate intentionally” ni a ó kọ nípa rẹ̀. Bí a bá kọ “He intended to break the plate”, ó ṣeé ṣe kí àwo náà ṣì wà lórí tábìlì.

Àṣìṣe tí ó ń pani lára jù ni ti “intended” tí a ń lò fún ohun tí a ṣì ní lọ́kàn lónìí. Nínú èdè wa, “mo fẹ́ lọ” kò yí padà, ìbáà jẹ́ àná ni a ń sọ tàbí ìsinsìnyí. Gẹ̀ẹ́sì kò gba bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ti gbọ́ “I intended to come”, etí rẹ̀ ti ń retí “but”, nítorí ohun tí ó gbọ́ ni pé èrò náà ti yẹ̀. Èmi fúnra mi ti jìn sí kòtò yìí nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé “I intended to attend the meeting on Saturday”, wọ́n sì fèsì tìfẹ́tìfẹ́ pé ó dun àwọn pé n kò ní lè wá, àwọn sì ti fún ẹlòmíràn ní àyè mi. “I intend” ni ǹ bá kọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ó hàn kedere pé èrò òun kò ṣẹ, “had intended” tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nípa “I am intending to”, kì í ṣe àṣìṣe pátápátá, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tí ó lọ́wọ̀, “I intend to” ni ó mọ́ jù, ẹ má sì ṣe kọ “I am intending going” láéláé. “Intending” ní ibi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbàkúùgbà tí àsìkò Hájì bá ń súnmọ́lé, a máa ń gbọ́ “intending pilgrims” lórí rédíò, ó sì tọ̀nà, nítorí àwọn arìnrìn-àjò náà ni wọ́n gbèrò láti lọ. Àwọn kan rò pé “intended pilgrims” ni ó yẹ kí ó jẹ́. Rárá o. Ẹni tí ẹlòmíràn gbèrò nǹkan sí ni “intended” ń tọ́ka sí, bí a ti rí i nínú “the intended victim”, ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà fẹ́ ṣe níbi.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Kò sí “intend on”. “Intent on” ni ó dàrú mọ́ ọn. “She intend” kò pé láìsí “s” lẹ́yìn rẹ̀. “Intension” pẹ̀lú “s” jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí. “T” ni ti èrò ọkàn, “intention”. Orí “tend” ni kí ohùn ti wúwo bí a bá ń pè é.

Ó ku “bàbá mi fẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ dókítà”. “My father intends me to study Medicine” tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo bàbá náà dáadáa. Bí ó bá ti ra fọ́ọ̀mù, tí ó sì ti ń tọ́jú owó ilé-ìwé, “intends” bá a mu. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn ń sọ ọ́ nígbà tí ó ń gba atẹ́gùn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni, “wants” ni kí ẹ kọ.