Kí Ẹ Tó Tutọ́ Sínú Ìgò: Àyẹ̀wò DNA àti Oògùn Tí Ẹ Ń Lò

Kí ẹ tó ra ohun èlò àyẹ̀wò kankan, ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sílẹ̀, àgbo náà kò gbẹ́yìn. Oògùn díẹ̀ ni àyẹ̀wò itọ́ yìí rí nǹkan gidi sọ nípa rẹ̀. Tó bá jẹ́ amlodipine (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru) àti metformin (oògùn àtọ̀gbẹ) nìkan ni tiyín, bíi ti ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa tó ń wá sí káńtà mi ní Houston, ẹ fowó yín ra ẹja. Irú oògùn bíi clopidogrel (tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), citalopram (fún ìbànújẹ́ ọkàn) àti simvastatin (fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) lọ̀rọ̀ kàn.

Fún ìṣẹ́jú 30 ṣáájú, ẹ má jẹ, ẹ má mu, ẹ má rún obì. Itọ́ ló gbọ́dọ̀ dé ìlà ara ìgò náà, kì í ṣe ìfófòó.

Nígbà tí èsì bá dé, ẹ wá CYP2C19, jíìnì kan tó ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí oògùn. Clopidogrel tí ẹ gbé mì kò tíì lágbára. Ẹ̀dọ̀ yín ló máa sọ ọ́ di oògùn, CYP2C19 ló sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn níbẹ̀. Ẹni tó jogún ẹ̀dà jíìnì yìí tí wọ́n ń pè ní *2 lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, iṣẹ́ náà kì í lọ déédéé lára rẹ̀: á máa lo oògùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ṣì lè máa dì. Láti 2010 ni FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fi ìkìlọ̀ yìí sára clopidogrel. Síbẹ̀, ẹ má fúnra yín dá a dúró o! Ẹni tí wọ́n fi stent (ọ̀pá kékeré tó ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀) sí lọ́kàn, tó ṣíwọ́ oògùn láìsọ fún dókítà, ẹ̀jẹ̀ lè dì pa á. Dókítà ló máa pinnu bóyá ticagrelor tàbí prasugrel, àwọn oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló kàn.

Gbólóhùn tó ń bí mi nínú jù nínú èsì ni "a kò rí nǹkan kan". Ohun tí wọ́n bá wá nìkan ni wọ́n lè rí. Ẹ wo warfarin, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. CYP2C9 ni jíìnì tirẹ̀: ẹ̀dà *2 àti *3 ló wọ́pọ̀ lára Òyìnbó, *8 ló wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Àyẹ̀wò tí kò wá *8 á ní kò sí nǹkan kan lára yín. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára èyí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí HapMap, tó ya àwòrán ìyàtọ̀ inú DNA ènìyàn! Nítorí náà, ẹ béèrè ẹ̀dà tí wọ́n wá, kì í ṣe èsì nìkan.

Ẹ má fo G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Àìtó rẹ̀ pọ̀ láàárín wa, ara ọkùnrin ló sì ti sábà máa ń hàn. Primaquine (oògùn ibà) àti dapsone (oògùn ẹ̀tẹ̀) lè ba ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́, káńfọ̀ (naphthalene) tí ìyá àgbà ń kó sáàárín aṣọ ọmọ ìkókó náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tẹ èsì náà jáde, kí ẹ mú un lọ fún dókítà pẹ̀lú orúkọ àwọn oògùn yín, kí láàbù ilé ìwòsàn tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó yí nǹkan kan padà. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín: 23andMe, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò DNA tó lókìkí, fúnra rẹ̀ wọ ilé ẹjọ́ lóṣù kẹta 2025 nítorí gbèsè. Tí ẹ bá fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tí ẹ lò pa àkọsílẹ̀ yín rẹ́, ẹ bi wọ́n nípa itọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn náà.