Ẹ Má Fi Ìdọ̀tí Kún Àbàtà: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ẹ mọ àgbọn í gbìn, ẹ mọ ẹja í yan. Àṣìṣe kan ṣoṣo la torí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Ẹnì kan á ra àbàtà, á gé igi ẹ̀gbà tó na gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn, á fi dáná ẹja. Lẹ́yìn náà á ní kí gbogbo àdúgbò máa da ìdọ̀tí síbẹ̀ títí yóò fi kún, á da yanrìn lé e, á kọ́lé.

Ìyẹn kì í ṣe ilẹ̀. Ìdọ̀tí ń jẹrà lábẹ́ yanrìn, ilé a rì, ògiri a là, omi kànga a máa rùn. Bí òjò Òkúdù bá dé, àgbàrá a hú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jáde, á gbé e dójú ọ̀sà. Ọ̀sà yìí kan náà ni àlejò ń gbà. Bí wọ́n bá ti wo ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí erékùṣù Gberefu, láti rin ọ̀nà tí wọ́n kó ẹrú gbà dé etí òkun. Tí ọ̀rá bá wé mọ́ ẹ́ńjìnnì lágbedeméjì omi, ta ni yóò padà wá? Ẹni tó ń ta àgbọn tútù ló ń jìyà ìdọ̀tí ilé yín.

Èèpo gbágùúdá àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀: ẹ kó wọn jọ ní òkìtì, mítà 1 ní fífẹ̀, mítà 1 ní gíga, kó jìnnà sí kànga ní mítà 30. Ẹ má gbẹ́ kòtò rárá. Omi súnmọ́ ojú ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Korobá 1 èèpo tútù, korobá 2 ewé gbígbẹ. Ẹ máa yí i ní ọjọ́ 14-14. Lẹ́yìn oṣù 3, ó ti di ajílẹ̀: korobá 2 fún ìdí àgbọn kan.

Ike: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dì í sínú àpò, ẹ tà á fún àwọn tó ń rà á ní kílò. Abọ́ fóòmù ni ìjọba Èkó ti fòfin dè láti Oṣù Kínní 2024; ẹ gbé abọ́ yín lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ.

Èèpo àgbọn ni kí ẹ fi yan ẹja. Ibi tí ẹ ti gé ẹ̀gbà, ẹ ṣa ọmọ rẹ̀ tó já fúnra rẹ̀, ẹ gbìn ín kí ọjọ́ 7 tó pé. Ẹ ki ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ bọ ẹrẹ̀, orí sókè, mítà 1 síra, ìlà 3 lẹ́bàá omi. Ẹ máa fa ewé ojú omi kúrò lára wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọn yóò fi ga dé ìbàdí.