Íǹkì kọ́ ló jẹ̀bi: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́: GTO 46 kan, àti Rota àtijọ́ kan tó dàgbà ju gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi lọ. Àwọn tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, nílé níbí àti ní Ọ̀yọ́, máa ń pè mí tí ẹ̀rọ wọn bá yarí. Díẹ̀ rèé nínú ohun tí wọ́n bi mí. Ẹni tó bá ń retí kí n ní kó lọ ra íǹkì tuntun, yóò pẹ́ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú ni mo ń tẹ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí. Ibi tó yẹ kó funfun ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá nu pléètì, irin pẹlẹbẹ tó gbé àwòrán, á mọ́, kí n tó tẹ ogún ìwé ó tún ti dé. Mo ti pààrọ̀ íǹkì lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdáhùn: Íǹkì ò mọwọ́ mẹsẹ̀, àbúrò. Omi ni kó o wò. Epo àti omi tí kì í bára wọn rẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ wa gùn lé: ibi tí àwòrán wà lórí pléètì ń gba íǹkì, ibi tó ṣófo ń gba omi, omi yẹn ló sì ń lé íǹkì sẹ́yìn. Bí ibi tó ṣófo bá ń dúdú, omi ò débẹ̀ dáadáa ni, tàbí omi ọ̀hún fúnra rẹ̀ ò kúnjú òṣùwọ̀n.

Wo ibi tó ti ń dúdú ná. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ròlà omi ò fara kan pléètì bákan náà lọ́tùn-ún lósì. Pa ẹ̀rọ, kó o gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, kí fífẹ̀ wọn tó ìka méjì. Ki ọ̀kan bọ àárín ròlà omi àti pléètì lápá ọ̀tún, ki èkejì bọ̀ ọ́ lápá òsì, sọ ròlà kalẹ̀, kó o wá fa méjèèjì pọ̀. Bó ṣe le lọ́wọ́ ọ̀tún ló yẹ kó le lọ́wọ́ òsì. Bí ọ̀kan bá yọ wẹ́rẹ́ tí èkejì ń takú, o ti rí olè nìyẹn.

Bó bá jẹ́ gbogbo ojú ìwé ló ń dúdú, aṣọ ara ròlà omi ni kó o fọwọ́ kàn. Mo ti bá èyí tó dúdú bí ìdí ìkòkò pàdé, tí íǹkì ti gan mọ́ ọn lára, tí omi wá ń yọ́ lára rẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀, bọ́ ọ kó o fi tuntun sí i. Wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ohun tó wà nínú abọ́ omi rẹ fún mi. Omi kànga lásán ò ṣe é. Oògùn omi tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì ni ká pò mọ́ ọn, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe ìwọ̀n ojú. Tó o bá ní pépà tí wọ́n fi ń dán kíkan omi wò, nǹkan bíi pH 4.5 sí 5.5 ló yẹ kó fi hàn.

Ìbéèrè: Àbúrò, káàdì ìgbéyàwó tí mo tẹ̀ láàárọ̀ àná ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, àwòrán tìsàlẹ̀ sì ti gbá sẹ́yìn tòkè. Ọjọ́ Sátidé ni ìyàwó ń lọ ilé ọkọ. Mo da kẹrosíìnì díẹ̀ sí íǹkì kó lè fúyẹ́, mo sì fi oògùn omi kún omi dáadáa.

Ìdáhùn: Àǹtí, «dáadáa» yẹn ló ń dà mí láàmú. Oògùn omi tó bá pọ̀ jù ń sọ omi di kíkan jù, íǹkì kì í sì í tètè gbẹ nínú omi tó kan jù. Kẹrosíìnì wá bá a dé e. Pépà lásán máa ń fa íǹkì mu, ṣùgbọ́n káàdì tó ń dán kì í fẹ́ẹ́ fà á: afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ túká káàdì náà sí ìdìpọ̀ kéékèèké, kí afẹ́fẹ́ rí ààrin wọn gbà, kẹ́ ẹ má tíì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé ìwé. Ẹ má sì gbé e sí oòrùn o. Mo ti ṣe é rí, nígbà tí oníṣẹ́ jókòó tì mí. Káàdì igba ló ká kò bí àkàrà tí wọ́n gbàgbé sínú epo, èmi ni mo sì fi owó ara mi ra òmíràn.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ dín íǹkì kù, ẹ fọ́n pọ́dà tí kì í jẹ́ kí ìwé gbá ara wọn sí i bó ti ń jáde, ẹ má sì jẹ́ kó ga ju àtẹ́lẹwọ́ kan kẹ́ ẹ tó kó o.

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí wọ́n ti tún tiransifọ́mà àdúgbò wa ṣe, ẹ̀rọ mi ò fa pépà mọ́. Ó ń yí o, ó ń yí dáadáa. Mo ti pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ń fa pépà, asán ni.

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ fi pépà sí ẹnu rẹ̀. Bó bá ń fẹ́ pépà dànù dípò kó mú un, mọ́tò pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ ń yí sẹ́yìn ni. Mọ́tò oníwáyà mẹ́ta kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Bí wọ́n bá ṣe to wáyà mẹ́ta náà ló ń bá lọ. Àwọn tó tún tiransifọ́mà ṣe ti ṣi méjì gbé fún ara wọn. Bí mọ́tò ńlá ẹ̀rọ yín ò bá gba iná lọ́nà kan náà, òun á máa yí bó ṣe yẹ, ìyẹn ló fi ta yín lójú. Ẹ pe ẹni tó ń ṣe iná, kó ṣe pàṣípààrọ̀ wáyà méjì péré. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, nítorí àwọn abẹ́ inú pọ́ọ̀ǹpù lè ṣẹ́ bó bá ń yí sẹ́yìn.

Bí mọ́tò bá sì ń kùn lásán tí kò yí, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ nìyẹn, kò sì ní pẹ́ jó.

Ìbéèrè: Ọyẹ́ ti dé. Pépà méjì mẹ́ta ń wọlé pọ̀, etí wọn sì ń ká.

Ìdáhùn: Ọyẹ́ ń fa omi ara pépà jáde láti etí, pépà sì ń lẹ̀ mọ́ra bí aṣọ náílọ́ọ̀nù. Ẹ má tú ìdì pépà títí ẹ ó fi fẹ́ lò ó. Ẹ fi omi wọ́n ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fẹ́ pépà lọ́wọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó tò ó, kẹ́ ẹ sì fi kún afẹ́fẹ́ tó ń yà wọ́n. Tójò bá dé, etí á máa rú dípò kó ká.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi bẹntiróòlù fọ bíláńkẹ́ẹ̀tì, rọ́bà tó ń gba àwòrán lára pléètì sórí pépà?

Ìdáhùn: Rárá. Ó ń ba rọ́bà jẹ́, ẹ sì ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìbéèrè: Ròlà íǹkì mi ń dán gbinrin. Íǹkì ń yọ̀ lórí ẹ̀ ni, kò dì í mú. Alálẹ́ ni mo ń fọ̀ ọ́ o.

Ìdáhùn: Omi náà tún ni. Omi borehole tó bá ní ẹfun ń fi nǹkan funfun lé ròlà, gọ́ọ̀mù inú oògùn omi àti eruku pépà á sì dì mọ́ ọn. Oògùn tẹ́ ẹ fi ń fọ íǹkì kò lè tú ìyẹn, nítorí pé kì í ṣe epo. Ẹ fọ íǹkì kúrò tán, kẹ́ ẹ wá fi oògùn tó ń tú ẹfun lára ròlà fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ ṣan án, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Tọ́jọ́ bá ti mọ́, ẹ fi èékánná ha á jẹ́jẹ́. Rọ́bà tó ṣì dára á rọ̀, á sì ṣú bí aṣọ felifẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣì le bí ìwo, rọ́bà ti kú nìyẹn. Ẹ wọn bó ṣe nípọn tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti láàárín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún ẹni tó máa fi rọ́bà tuntun sí i.