Irúgbìn yukalípítọ́ọ̀sì ni kí ẹ gbìn, kì í ṣe ẹ̀ka
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé ẹ̀ka igi yukalípítọ́ọ̀sì tó ti gbó rì mọ́lẹ̀; kì í sábà ta gbòǹgbò. Irúgbìn rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹ̀tù: ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, ẹ fọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ nínú abọ́ tó nihò nídìí. Kí iyanrìn tí ẹ fi bò ó má ju mìlímítà 2 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní hù. Ẹ má da omi lé e lórí o! Inú omi díẹ̀ ni kí ẹ gbé ìdí abọ́ náà sí, kó fà á láti ìsàlẹ̀. Omi àpọ̀jù ló ń mú kí ìdí èéhù jẹrà. Bó bá ti yọ ewé méjì-méjì lẹ́ẹ̀mejì, ewé ni kí ẹ dì mú, kí ẹ fà á tu, kí ẹ tún un gbìn sínú ọ̀rá tí a fi ń tọ́jú èéhù. Kó má pẹ́ jù nínú ọ̀rá náà kí ẹ tó gbìn ín sílẹ̀: gbòǹgbò tó bá lọ́ po kò ní lè di igi mú nígbà ìjì.