Ṣé Omi Ti Wọ Ilé Yìí Rí? Bí A Ṣe Ń Wádìí Ìtàn Omíyalé ní Harris County

Àbúrò mi obìnrin rí ilé kan tó fẹ́ rà ní apá ìwọ̀ oòrùn Houston. Ilé náà dára, owó rẹ̀ ò sì wọ́n tó ti àwọn tó yí i ká. Mo lóṣòó sídìí ògiri gáréèjì, mo rí i pé láti ilẹ̀ títí dé ìbàdí mi, ọ̀dà ara ògiri ń dán ju ti òkè lọ. Wọ́n ti gé sheetrock, ìyẹn pátákó ògiri inú ilé, ti apá ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, wọ́n ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Omi ti wọ ilé náà rí, ẹni tó ń tà á ò sì sọ.

Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni ìwádìí yìí ń gbà. Harris County ní ìpínlẹ̀ Texas, tí púpọ̀ jù nínú Houston wà nínú rẹ̀, ni mo máa fi ṣàlàyé, torí pé àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ wúlò fún káńtì yòówù ní Amẹ́ríkà.

1. Ẹ mọ odò tó ń gba àgbàrá àdúgbò náà

Káńtì yìí tẹ́jú bí àwo, omi òjò ò tètè rí ọ̀nà lọ. Bayou ni wọ́n ń pe àwọn odò tó ń gbé e lọ. Harris County Flood Control District, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1937 lẹ́yìn tí omi ti ba Houston jẹ́ ní 1929 àti 1935, pín gbogbo káńtì sí agbègbè odò tó lé ní 20. Ẹ tẹ àdírẹ́sì ilé sórí máàpù wọn, ẹ máa rí èyí tó ni ín. Ní Alief, tí ará wa pọ̀ sí, Brays Bayou ló ń gba púpọ̀ nínú omi ibẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ odò náà sílẹ̀, òun lẹ máa fi wá ìyókù. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn á tètè mọ ìdí rẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ 1980, Ògùnpa ló kún, àwọn tó wà létí rẹ̀ ló sì fojú winá. Ẹni tó kọ́lé sórí òkè ò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sọ.

2. Ẹ wo máàpù FEMA, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀

FEMA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àjálù. Ẹ lọ sí msc.fema.gov, ẹ tẹ àdírẹ́sì. Bí ilé bá bọ́ sí ibi tí wọ́n kọ A tàbí AE sí lórí máàpù, ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ewu ibẹ̀ lọ́dọọdún. "Omi ọgọ́rùn-ún ọdún" ni wọ́n máa ń pè é, orúkọ yẹn sì ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Wọ́n rò pé bó bá ti ṣẹlẹ̀ lónìí, ó di ìran mìíràn. Rárá o. Láàárín 30 ọdún tí ẹ máa fi san owó ilé, ewu pé omi á dé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ 26%. X tó ní àwọ̀ kéré sí èyí, X tí kò ní àwọ̀ ló kéré jù.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Nígbà tí ìjì Harvey dé ní Oṣù Kẹjọ 2017, omi wọ ilé tó lé ní 150,000 ní Harris County, bí i méjì nínú mẹ́ta wọn ni kò sì sí nínú A tàbí AE. Ẹ wo déètì ara máàpù náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú máàpù káńtì yìí, 2007 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 2018 ni NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú ọjọ́, tún òjò Texas ṣírò: òjò ọjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní ti ọgọ́rùn-ún ọdún ní Houston kúrò ní bí i ínǹṣì 13, ó di nǹkan bí 18 láwọn ibì kan. Máàpù 2007 ò gbọ́ ìròyìn yẹn.

3. Ẹ ka ìtàn àjálù káńtì náà

FEMA ní àkójọ gbogbo àjálù tí ààrẹ Amẹ́ríkà kéde. Ẹ yan Texas, ẹ yan Harris. Ìjì Allison ti Oṣù Kẹfà 2001 ni nọ́ńbà 1379. Ó pa èèyàn 22 ní káńtì yìí, ó sì wọ ilé bí i 73,000. Harvey ni 4332. Ẹ tún máa rí ti 2015, ti 2016, àti Imelda ti 2019. Ẹ fo kòrónà àti òtútù 2021, inú àkójọ kan náà ni wọ́n wà.

Ìkejì ni Storm Events Database ti NOAA, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ìkéde FEMA kàn ń sọ pé káńtì rí àjálù ni; èyí máa ń dárúkọ àdúgbò àti òpópónà. Ẹ yan Flood àti Flash Flood, kí ẹ wá orúkọ bayou tí ẹ kọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

4. Ẹ wo bí odò ṣe ga tó

Harris County Flood Warning System ní òdiwọ̀n lára àwọn bayou. Ẹ tẹ èyí tó sún mọ́ ilé náà jù, ẹ wo gíga etí odò, kí ẹ ka iye ìgbà tí omi ti kọjá rẹ̀.

5. Bí ilé bá wà ní ìwọ̀ oòrùn, ẹ béèrè Addicks àti Barker

Ìdídò méjì yìí ni àwọn ẹnjinníà ológun kọ́ ní àwọn ọdún 1940 kí omi má baà bo àárín ìlú. Gbígbẹ ni wọ́n máa ń wà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, ọgbà ìgbafẹ́ àti pápá bọ́ọ̀lù lẹ máa rí. Àwọn akọ́lé wá ta ilé sẹ́yìn wọn, lórí ilẹ̀ tí omi máa tẹ̀ bí ìdídò bá kún. Ní 2017, ó kún. Omi wọ ilé àwọn tó wà lẹ́yìn ìdídò. Nígbà tí wọ́n ṣí géètì ní 28 Oṣù Kẹjọ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ létí Buffalo Bayou náà jẹ nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé yẹn ò sí nínú A tàbí AE lórí máàpù FEMA. Torí náà, ẹ béèrè bóyá ilé wà nínú flood pool, ìyẹn ilẹ̀ ẹ̀yìn ìdídò tí omi máa tẹ̀ bó bá kún, kí ẹ fi orúkọ yẹn béèrè, torí ó yàtọ̀ sí floodplain, ìyẹn ilẹ̀ tí odò lè bò tí máàpù FEMA ń fi hàn.

6. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀

Láti 1 Oṣù Kẹsàn-án 2019, òfin Texas ní kí ẹni tó ń ta ilé kọ ọ́ sínú ìwé bóyá omi ti wọ ilé náà rí, àti bóyá ó wà nínú flood pool. Ẹni tó ń rẹ́ǹtì náà ò gbẹ́yìn: láti Oṣù Kìíní 2022, onílé gbọ́dọ̀ sọ fún un ní kíkọ bóyá omi ba ilé náà jẹ́ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ìwé nìyẹn o. Àbúrò mi gba tirẹ̀, "No" ni wọ́n kọ síbẹ̀. A wá kan ilẹ̀kùn òdìkejì. Bàbá àgbàlagbà kan jáde, ó wo ilé náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ìbàdí, ó ní Harvey dé ibí yìí.

Nínú ilé, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri inú kọ́bọ́ọ̀dù, ibi tí wọn kì í rántí kùn. Ẹ wo ìdí ẹ̀rọ tó ń gbóná omi bóyá ó ti dípẹtà. Bí gbogbo ilé bá ń ta sánsán lójijì nígbà tí ẹ dé, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fi òórùn yẹn bò.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ilé náà, ẹ rántí pé ìbánigbófò ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ti ìjọba àpapọ̀, NFIP, ń san tó $250,000 fún ilé àti $100,000 fún ẹrù, ṣùgbọ́n 30 ọjọ́ ló máa ń gbà kó tó ṣiṣẹ́, àfi bí ẹ bá gbà á pọ̀ mọ́ ẹ̀yáwó ilé. Àsìkò ìjì sì ń bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi ò ra ilé yẹn. Èyí tó rà lẹ́yìn rẹ̀, X tí kò ní àwọ̀ ni, ó sì gba ìbánigbófò omíyalé lọ́jọ́ tó buwọ́ lù ú.